Ẹni Tó Dáhùn Lẹ́yìn Ògiri

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ Sìlífátù, ó ti pọ́n, ó sì ti ń ya létí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi hàn mí. Ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 1987 ni. Sátidé ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn nígboro títí aago mẹ́wàá. Gáréèjì Kútò dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí agbèrò, kò sí họ́ọ̀nù. Ọyẹ́ bo gbogbo òrùlé mọ́lẹ̀.

Sìlífátù ti wà ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì náà láti aago mẹ́fà ààbọ̀, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, ará Aké kan tí kì í gbé ohùn sókè bó ti wù kí nǹkan le tó. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń wá orúkọ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Inú díìsìkì ńlá kan, tó ga tó fíríìjì, ni orúkọ wọn wà. Wáyà méjì, pupa àti dúdú, ló so kọ̀ǹpútà mọ́ díìsìkì, wọ́n sì gba inú àpótí ìsopọ̀ kan kọjá. Àpótí ọ̀hún ti gbó. Ó ti ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná, kò lè di ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní láti kó wáyà méjèèjì bọ inú àpótí tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa gbé iṣẹ́ lọ nígbà tí èkejì bá wà níta. Bí méjèèjì bá wà níta pọ̀, orúkọ kankan kò ní jáde.

Àbúrò Sìlífátù kan ṣoṣo, Bùsírátù, sì ti bímọ lálẹ́ àná. Ọmọ wà dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni kò dá. Irú tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, Nọ́ọ̀sì Beatrice sì ti jókòó ti ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ní ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì títì, ó ń wá ẹni méjì tí tiwọn bá a mu.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró."

"Bí àpótí bá jóná ńkọ́?"

Sìlífátù lọ bomi bójú lẹ́yìnkùlé, ó padà sídìí wáyà.

Ògiri ló là wọ́n láàárín: òun lẹ́yìn, nídìí wáyà, ọ̀gá níwájú, nídìí ẹ̀rọ. Òfin wọn kì í yẹ̀. Ẹni tó wà nídìí wáyà á pààrọ̀ àyè ọ̀kan, á béèrè bóyá ó ti sopọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èkejì àfi bí ẹni tó wà níwájú bá dáhùn.

Ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, ó yọ pupa, ó tì í bọ inú àpótí tuntun.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?"

Níta, ìgbálẹ̀ kan ń ha ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ náà dúró.

"Ọ̀gá?"

"Mo rí i. Ó ku èkejì."

Ohùn ọ̀gá ni. Ó kàn rẹlẹ̀ jù, bíi ti ẹni tó gbé ẹnu lé ògiri. Orí Sìlífátù wú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọyẹ́ ni. Ó yọ dúdú.

Ẹnu wáyà dúdú kọ̀, kò wọ̀. Ó tì í, ó yí i, ó fi aṣọ nù ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, kò sì kánjú, torí pupa ń gbé iṣẹ́ lọ. Wọ́n ti dá a lóhùn. Nígbà tó wọ̀ tán, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ síwájú.

Àga ọ̀gá ṣófo. Tíì rẹ̀ ti tutù, awọ ti bo ojú rẹ̀. Ìwé péńpé kan wà lábẹ́ ife:

"Aago mẹ́jọ ku márùn-ún. Beatrice fóònù. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ jáde. Mo wá ọ, mi ò rí ọ. Mo ti ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Má fọwọ́ kan wáyà kankan títí n ó fi dé."

Sìlífátù ka bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Pupa kò sopọ̀ rárá nínú àpótí tuntun. Dúdú kúrò ní 8:12, ó padà ní 8:31. Fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, ohunkóhun kò so kọ̀ǹpútà mọ́ díìsìkì. Ṣùgbọ́n ní 8:20, orúkọ kan jáde lọ sí ilé ìwòsàn. Tòkunbọ̀, Ìtòrí.

Tẹlifóònù dún. Sìlífátù gbé e. Beatrice ni.

"Àǹtí, ẹ kú oríire! Ẹnìkejì ti dé. Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀."

"Láti Ìtòrí? Pẹ̀lú ìmọ́tótó?"

"Ó ní òun ò jìnnà."

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo yíjú báyìí, mi ò rí i mọ́."

Sìlífátù ò dúró wọ bàtà, ó sáré sọdá títì lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní wọ́ọ̀dù, òwú lápá.

"Ọ̀gá, ta ló dá mi lóhùn?"

"Níbo? Láti aago mẹ́jọ ni mo ti wà níbí."

Ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá ti fẹ́ tán nínú àpò tó rọ̀ sókè. Beatrice gbé àpò kejì lọ́wọ́. Bùsírátù dijú, ètè rẹ̀ funfun.

"Bùsírátù, ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ètè náà mì.

"Mo rí i. Ó ku èkejì."

Kì í ṣe ohùn Bùsírátù. Ó rẹlẹ̀, bíi ti ẹni tó gbé ẹnu lé ògiri.

"Dókítà ní ọ̀kan ò lè tó o," Beatrice wí. "Àǹtí, ṣé kí n so ó?"

Ẹ̀rù ba Sìlífátù débi tó fi di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó wo àpò ẹ̀jẹ̀ náà. Ó wo ọmọ tuntun, tó ń la ẹnu wá ọmú.

"Ẹ so ó."

Bùsírátù wà láàyè dòní. Ó ti bí méjì sí i, ó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ẹ̀rín sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá Tòkunbọ̀ nínú díìsìkì, kò sí. Wọ́n wá a dé Ìtòrí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fẹ́ràn ara wọn. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n Sìlífátù kì í bá Bùsírátù sọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì. Á dìde, á wọlé tọ̀ ọ́, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó tó béèrè ohunkóhun.