Ọkùnrin Tó Gbé Ojú Bàbá Rẹ̀ Wá

Ojú méjì péré ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin yẹn. Ara rẹ̀ yòókù, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, aṣọ funfun ló bò ó, nítorí eruku kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àwo sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò nípọn ju èékánná lọ, ni wọ́n ń tò níbẹ̀, tí wọ́n ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè di ẹ̀rọ ńlá tí yóò máa rí ipa ọ̀nà àwọn ohun tó kéré ju átọ́mù lọ.

Férémù tó gbé àwo kan ló yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Kó tó pariwo, ọkùnrin àjèjì tó ń wọlé bọ̀ ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, férémù náà sì balẹ̀ sínú wọn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà dúró gbọn-in, kò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí lábẹ́ ìbòmú, "ṣé mo lè mí báyìí?"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Obìnrin á gbé àwo sínú àpótí tútù, ọkùnrin á fi iná mànàmáná sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì á wá tẹjú mọ́ ìlà tó ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà náà bá fò sókè lójijì, àwo ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, èyí ńkọ́?"

"Èyí dáa. Ẹ̀yin gan-an lẹ ò tíì yege."

Nígbà tí wọ́n wá pàdé lẹ́nu géètì láìsí ìbòmú, ọmọbìnrin náà lanu sílẹ̀. "Ṣé imú yín nìyí?"

"Òun náà ni. Mi ò ní òmíràn nílé."

Ẹ̀rín ni wọ́n rín dé ibùdókọ̀. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, ọmọbìnrin náà sì mú ọkùnrin náà lọ sílé kí màmá òun lè rí i.

Màmá gbé omi tútù jáde láti ilé ìdáná. Ó rí àlejò. Tíréè já bọ́, ife fọ́ yángáyángá.

"Ta ni bàbá ẹ?"

Ọkùnrin náà sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Màmá jókòó sórí àga.

"Bàbá ẹ ló fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tèmi taṣọ ìyàwó lọ́rùn. Mo dúró títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Ọdún gorí ọdún kí n tó lè gbà fún bàbá ọmọ mi yìí. Ìwọ wá gbé ojú ẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá?"

Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ ọ rí. Ká ní wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nígbà yẹn, kò ní mọ̀.

"Ẹ má bínú, mà..." ọkùnrin náà wí.

"Jáde."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà gbé àwo tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì wọn.

"Ẹ wá ẹlòmíràn tẹ́ ẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́," ó wí láìgbójú sókè. "Mi ò lè tún ṣí egbò màmá mi."

"Mo gbọ́. Àmọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dá egbò náà sílẹ̀."

Tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti dán àwọn àwo tó kù wò. Kò sẹ́ni tó béèrè pé èyí ńkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn ilé. Ojú olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń wò ó, àmọ́ ó ti hunjọ, irun ti funfun lórí. Bàbá náà ló wá fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn.

"Mi ò ní àwáwí," bàbá wí fún màmá. "Kò sóbìnrin mìíràn, ara mi sì le. Mo rí ẹ lókèèrè nínú aṣọ yẹn, ẹ̀rù bà mí, mo sá. Ìtìjú ò wá jẹ́ kí n padà."

Lójijì ni màmá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ta gìrì.

"Ẹ̀rù! Gbogbo ọdún tí mo fi ń ro ohun tí mo ṣe fún ẹ, ẹ̀rù lásán ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí ọmọkùnrin náà. "Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rù kì í bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, mà. Gan-an ni."

"O ò purọ́ ṣá. Ẹ lọ mú ọjọ́. Tóo bá sá, màá wá ẹ dé inú yàrá funfun yẹn, tèmi teruku ẹsẹ̀ mi!"

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tan odindi ẹ̀rọ náà wò, ohun kan tó kéré ju átọ́mù, tí ojú ò lè rí, já bọ́ láti òfuurufú, ó la gbogbo àwo kọjá, ó sì fa ìlà tààrà sójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo yàrá hó yèè. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti wà nínú ọwọ́ ọkùnrin náà kó tó mọ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, màmá ní dandan, àfi káwọn tètè jáde nílé. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fà á lọ. Bí wọ́n ṣe yà sí òpópónà kọ́ọ̀tù ni wọ́n dúró sójú kan náà.

Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn kọ́ọ̀tù. Ọkọ ìyàwó nìkan ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, táì rẹ̀ wọ́.

"Ìgbà wo lo débí?" màmá béèrè.

"Ó ti pẹ́, mà. Ẹ̀rù ń bà mí nílé, mo bá sáré wá síbí."

Láti ilé ni màmá ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ló tó tú u sílẹ̀.