Afárá Tí Kò Lódò

Tọpinpin ni gbogbo abúlé ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tọpinpin jí. Ó bọ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

Abúlé wọn kéré. Òkè kan. Títì kan. Ilé ìwé kan. Tí o bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ abúlé, wọ́n á kí ọ pẹ̀lẹ́ ní ìparí rẹ̀.

Afárá kan wà láàárín abúlé. Afárá onípákó ni. Kò sí odò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí omi rárá. Adìyẹ ló ń sùn níbẹ̀!

Síbẹ̀, orí afárá ni gbogbo èèyàn ń gbà. Tíṣà ń gun ún. Gbì, gbì, gbì! Ewúrẹ́ ń gun ún. Kó-kó-kó-kó! Kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Tọpinpin fẹ́ràn afárá náà gan-an. Igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dì mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

Lọ́jọ́ yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lórí afárá. Ó mú òòlù dání.

“Lọ́la, màá tú u,” ló wí. “Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i. Pákó rẹ̀ ni màá fi kọ́ ilé adìyẹ.”

Yéè! Tọpinpin di igi ẹ̀gbẹ́ afárá mú.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tú u!”

“Afárá tí kò lódò, kí la fẹ́ fi ṣe?”

“Odò wo ni wọ́n kọ́ ọ sí?”

Gbẹ́nàgbẹ́nà họrí. “Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

Tọpinpin sáré lọ bá Tíṣà. “Ẹ káàárọ̀ mà. Odò wo ni wọ́n kọ́ afárá wa sí?”

Tíṣà ronú. Ó tún ronú. “Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

“Háà! Ṣé bí gbogbo yín ṣe kàn bá a nìyẹn?” ni Tọpinpin wí.

Tọpinpin wọ abẹ́ afárá. Àwọn adìyẹ fò. Pà-pà-pà!

Ó fi igi walẹ̀. Iyanrìn!

Ó tún walẹ̀. Òkúta róbótó! Ara rẹ̀ ń dán bí ẹyin.

Ó tún walẹ̀. Ìkarahun ìṣáwùrú! Inú omi sì ni ìṣáwùrú ń gbé.

Ó fi eré sí i, ó di ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Màmá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá Àgbà, ẹ wo ohun tí mo rí lábẹ́ afárá!”

Màmá Àgbà gba ìkarahun náà. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Odò wà níbẹ̀ nígbà tí mo kéré,” ló wí. “Odò aláìgbọràn! Tí òjò bá ti rọ̀, á wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Á gbé ìkòkò. Á gbé bàtà. Ó gbé bàtà mi kan lọ, kò dá a padà dòní!”

“Kí lẹ wá ṣe fún un?”

“Gbogbo abúlé gbé ọkọ́. A gbẹ́lẹ̀, gbẹ́lẹ̀, gbẹ́lẹ̀, títí a fi la ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹ̀yìn òkè ló gbà lọ. A ò kàn rántí mú afárá dání.”

“Ṣé odò náà ṣì wà níbẹ̀?”

“Ibo ni yóò lọ? Òkúta ni wọ́n ń tẹ̀ sọdá rẹ̀, ó sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbà á mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án.”

Tọpinpin lọ fa Tíṣà lọ́wọ́. Ó fa gbẹ́nàgbẹ́nà náà.

“Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi o,” gbẹ́nàgbẹ́nà ń kùn. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n tẹ̀ lé iyanrìn. Wọ́n tẹ̀ lé òkúta róbótó. Wọ́n yí òkè po.

Ṣọ̀ọ̀ọ̀... Ṣọ̀ọ̀ọ̀...

Odò rèé!

“Ẹ rọra o,” Tíṣà kìlọ̀.

“Èmi kẹ̀?” gbẹ́nàgbẹ́nà dáhùn. “Èmi tí mò ń gun òrùlé!”

Ó tẹ òkúta kan. Ó tẹ òmíràn. Yọ̀ọ̀... jàpàà! Ó di inú omi.

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ṣé Tọpinpin rẹ́rìn-ín? Rárá o. Ìbéèrè ló ní.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé afárá ò wúlò níbí?”

Gbẹ́nàgbẹ́nà fún omi ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo odò. Ó wo òkúta. Ó wo Tọpinpin.

“Ó wúlò,” ló wí. “Ó wúlò gan-an ni! Káwọn adìyẹ ṣì ní sùúrù.”

Lọ́jọ́ kejì, ó tú afárá lóòótọ́. Gbogbo abúlé bá a gbé e. Bàbá gbé pákó. Ìyá gbé pákó. Tọpinpin gbé ìṣó. Kódà ewúrẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà to pákó sórí odò. Ó kàn án. Gbá! Gbá! Gbá! Ó mì ín wò. Kò mì.

Tọpinpin mú Màmá Àgbà lọ́wọ́. Wọ́n rọra gun afárá. Màmá Àgbà dúró láàárín rẹ̀. Omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Omijé bọ́ lójú Màmá Àgbà. Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú àtijọ́ o!” ló wí.

“Màmá Àgbà, ta lẹ̀ ń kí?”

“Mo ń bá afárá kí odò ni.”