Àmì Kékeré Tó Tú Àṣírí Fínnífínní

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Òun ni yóò máa kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fáwọn oníbàárà. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni nígbà tí ọkùnrin gíga kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ètò náà, wá dúró tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, àmì ìràwọ̀ tó wà nínú àṣẹ kọ̀ǹpútà tí mo fún yín dà?"

"Ìràwọ̀ wo?"

"Ojú ìwé ti gbé e mì! Gbogbo lẹ́tà wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníbàárà tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun ò gbà."

Ó na ìka sí igun òkè lápá òsì pátákó ìtẹ̀wé, níbi tí àmì bíńtín kan wà, tó jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí kò rí lẹ́tà gùn. "Ẹ fi ọ̀kan síwájú àṣẹ, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà láàárín wọn, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ló máa jáde. Ojú ìwé ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣé torí èyí lẹ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Fínnífínní ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí kì í gbójú fo nǹkan kan. Inú bí i, ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé fi àmì náà sí i tí ìràwọ̀ sì yọ padà, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn wọ akọ̀wé lára.

Inú fáìlì kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Àmì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ọ́ nìkan ló ń rí i, kì í dé ojú oníbàárà. Abẹ́ rẹ̀ ni Fínnífínní ti ń kọ ọ́ pé, "Ẹ tún ìlà yìí wò." Nígbà tó yá, ó di, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí ọ̀rọ̀ sì di, "Olólùfẹ́ mi, ṣé o sùn dáadáa?"

Ìyá akọ̀wé, tó jẹ́ aránṣọ, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Ọkùnrin tó ń bá èèyàn jà nítorí àmì? Mo ti fẹ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá ẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, bí ojú ìránṣọ kan bá yà báyìí, wọ́n á tú gbogbo aṣọ. Títí wọ́n fi kú, mi ò gbọ́ 'èmi ni mo jẹ̀bi' lẹ́nu wọn rí. Rárá o, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, ara akọ̀wé kò balẹ̀ mọ́. Á dìde, á jókòó, á po tíì tí kò ní mu. Àfi bí ọ̀gá tún ṣe ní Fínnífínní ń lọ sí ẹ̀ka wọn ní ìlú mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Akọ̀wé mọ̀ pé bí ọkùnrin náà bá lọ tí ìyá òun kò tíì gbà, ó parí nìyẹn. Ló bá ní káwọn jáwọ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sá lọ, ó lọ sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù ò dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ṣí ojú ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń pa fáìlì rẹ́, ọ̀rọ̀ kan sì jókòó sáàárín rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀: "Olólùfẹ́ mi, mi ò lè jáwọ́. Jẹ́ kí n wá bẹ màmá fúnra mi."

Akọ̀wé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára ti fi àmì bíńtín sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ìwé kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbé e jáde tòun ti ìbòjú rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?" ni ọ̀gá wí. "Àbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́?"

Akọ̀wé ti lanu láti sọ pé ẹ̀rọ ni. Fínnífínní dìde.

"Èmi ni, sà. Àṣìṣe mi ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe àṣìṣe."

"Ìwọ? Fínnífínní?" Ọ̀gá gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe. "Ẹyin lohùn o. Ẹ tètè pa á rẹ́."

Akọ̀wé pa á rẹ́, ló bá gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ, eré ni, ìrìn ni. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

Ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Kò di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn?"

"Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, Màmá. Ó ní òun ni."

Ìyá gé òwú lára ẹ̀wù tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Pè é wá."

Nígbà tí Fínnífínní dé, òógùn bò ó. Ó tẹrí ba, ó ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti tò lọ́nà. Ìyá kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ó na ẹ̀wù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán sí i. "Wò ó dáadáa. Báwo lo ṣe rí i?"

Ojú ọkùnrin náà bọ́ sórí ọrùn ẹ̀wù, ó dúró síbẹ̀. Akọ̀wé di etí tábìlì mú.

"Ó yà lápá òsì, Mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fún mi, màá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

Ìyá wò ó, ó sì gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "kọjú sí ògiri. Àna mi fẹ́ wọṣọ."