Ó Ku Ìlà Kan

Èéfọ́ igbá kò dún. Ohun tó yẹ kó ta Bámgbóṣé lólobó nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó mọ ìsọ̀ tó ti ń fín igbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í rí ìgbálẹ̀. Èéfọ́ àti èérún igbá ti kún ilẹ̀ débi pé adìyẹ pàápàá kò lè yọ́ wọlé. Bámgbóṣé kì í gbójú sókè kí oníbàárà. Bí èéfọ́ bá ti dún, á ti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti bóyá onítọ̀hún ru ẹrù. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ ló fi mọ ìyàwó rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ ọn nínú, nítorí ta ni kò fẹ́ kí wọ́n yin iṣẹ́ òun? Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó tí kò bá gbé igbá Bámgbóṣé lọ sílé ọkọ, wọ́n á ní àwọn òbí rẹ̀ kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó.

Iṣẹ́ yìí kan náà ló gba Àyìnkẹ́, aya rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dá a láre. Obìnrin náà fẹ́ ẹ nígbà tí kò ní ju ọ̀bẹ kan lọ, ọ̀bẹ yẹn náà ló sì já bọ́ láti inú iná, tó dá àpá sí ẹ̀yìn ọwọ́ Àyìnkẹ́. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó ké láti inú yàrá pé, “Baba Abọ́sẹ̀dé, ẹ wá wò mí.” Igbá ìjòyè kan ni Bámgbóṣé ń fín. “Mò ń bọ̀,” ló wí, “ó ku ìlà kan.” Ó parí ìlà náà, ó sì dára. Nígbà tó fi máa wọ yàrá, Àyìnkẹ́ ti kú, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò tíì já Abọ́sẹ̀dé ọmọ wọn lẹ́nu ọmú nígbà náà. Ìyá Dorcas, àbúrò olóògbé, ló gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tọ́.

Ọmọ náà ti tó lọ sílé ọkọ báyìí. Wọ́n ránṣẹ́ sí baba rẹ̀ pé kó fín igbá ìyàwó fún un, ó ní òun ti gbọ́. Bó ti ń parí ti oníbàárà kan ló ń gbé ti òmíràn, ti ọmọ rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, ohùn obìnrin kan sọ lókè orí rẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ káàbọ̀, ìyá,” Bámgbóṣé dáhùn, ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀bẹ. “Ẹ jókòó.”

Èéfọ́ kò dún nígbà tó wọlé, kò dún nígbà tó jókòó. Obìnrin náà gbé igbá ńlá kan tí wọ́n ti là sí méjì síwájú rẹ̀. Ó ní ti ìgbéyàwó ọmọ òun ni, òun á sì dúró gbà á. Bámgbóṣé bi í pé irú ọnà wo ló fẹ́.

“Èyí tí ẹ máa fín fún ọmọ tiyín.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti kan igbá ọ̀hún, ó gbàgbé. Alángbá jáde lára rẹ̀, ẹyẹ jáde, ìlà sì ń tẹ̀ lé ìlà láìṣẹ́. Kò fín irú rẹ̀ rí. Afẹ́fẹ́ tútù kan ń fẹ́ láti ibi tí obìnrin náà jókòó sí, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni.

“Baba,” ohùn náà rọlẹ̀, “ẹ ò lè wo ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀?”

“Ẹ má bínú, ìyá. Ó ku ìlà kan.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ó máa ń ku ìlà kan ṣáá,” ló wí.

Irun orí Bámgbóṣé dìde. Ó mọ ohùn yẹn! Ọkàn rẹ̀ ní kó gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ní kó parí ìlà náà ná. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ló gbọ́ tirẹ̀. Ó parí ìlà, ó na igbá síwájú, ọwọ́ tó gbà á sì tutù bí omi àmù. Nígbà tó wá gbójú sókè, kò rí ẹnì kankan. Èéfọ́ wà nílẹ̀ bí wọ́n ti wà, ọ̀kan kò yẹ̀.

Ó ní oòrùn ló ń ṣe òun. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù náà ló jẹ́ kó tètè fín igbá kékeré kan fún Abọ́sẹ̀dé, ó gbé e, ó forí lé Ògbómọ̀ṣọ́.

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. “Bàbá mi, ẹ ṣé o! Igbá yín ti dé.”

Bámgbóṣé wo igbá tó wà lórí ẹní. Alángbá rẹ̀ nìyẹn, ẹyẹ rẹ̀ nìyẹn.

“Ta ló gbé e wá?”

“Ìyá kan ni. Mo ní kó wọlé, ó kọ̀. Ó kàn ń wò mí ni, ó ní ojú mi ló wu òun wò. Nígbà tó fọwọ́ kàn mí lórí, ọwọ́ rẹ̀ tutù gan-an, àpá iná sì wà lẹ́yìn ọwọ́ náà.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń sọ. “Ó ní kí n kí yín. Ó ní òun yà sọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín dí.”

Bámgbóṣé jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àyìnkẹ́ ló sun lójú ọmọ rẹ̀. Ìyá Dorcas fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Àkúdàáyà kì í dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹ gbójú sókè wò ó, ì bá sá ni.”

“Ì bá sá,” Bámgbóṣé wí, “ṣùgbọ́n ǹ bá rí i kó tó sá.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Bámgbóṣé á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á gbójú sókè, ẹni yòówù kó ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ná ojú náà tán sára igbá àwọn ẹlòmíràn, kò sì pẹ́ tí ojú náà fi fọ́ pátápátá. Ó dàgbà, ó darúgbó, kò jẹ́ kí wọ́n gbá ìsọ̀ náà. Bí èéfọ́ bá dún, á mọ̀ pé alààyè ló wọlé, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sí èéfọ́ tó dún, afẹ́fẹ́ tútù kan á fẹ́ sí i lójú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Arúgbó náà á yára gbé orí sókè, á la ojú méjèèjì sílẹ̀ gbàgà.

“Àyìnkẹ́, mò ń wò ọ́ o,” ni yóò máa wí. “Mò ń wò ọ́.”

Kò sì rí nǹkan kan.