Ìparí Tí Mánsúrù Yàn

Òjò ló lé Kòfowórọlá wọ ṣọ́ọ̀bù Mánsúrù ní Agbowó, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀ fi wé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó gbá a mọ́yà bí ọmọ tuntun, omi ń ti orí irun rẹ̀ kán sí èjìká. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì tí okùn rẹ̀ ti já wà lọ́wọ́. Mánsúrù ń gé etí ìwé lọ́wọ́ nígbà náà. Ó gbójú sókè, díẹ̀ ló kù kó gé ara rẹ̀ níka.

Ó ní kó jókòó. Kòfó ní òun kì í jókòó bí òun bá ń ronú.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi á máa rìn."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ títẹ ìwé àti dídì í ni Mánsúrù ń ṣe. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní òdìkejì títì sì ni oníbàárà rẹ̀. Kòfó ń kàwé gboyè másítà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ni iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀, ìtàn tó kọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé gígùn lórí bó ṣe kọ ọ́. Á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, á máa pe àtúnṣe, Mánsúrù á máa tẹ̀ ẹ́. Kó tó dé ojú ewé kejì, ó ti ní kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ó fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ nítorí ìwé yìí. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Bódìjà, ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí kò bá jáde lọ́dún yìí, báǹkì ló ń padà sí, ọ̀rẹ́ òun ṣì ń bá a tọ́jú àga rẹ̀. Lójú Bàbá Ikúbọlájẹ́ yìí, ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe ni ìtàn kíkọ.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, "ẹ̀gbọ́n" ti di "Mánsúrù", "ẹ" sì ti di "o". Mánsúrù ń pè é ní Òǹkọ̀wé mi. Kòfó ní òun kò tíì fún un láṣẹ "mi" yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Wọ́n jọ ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jọ ń rìn lọ sí Bódìjà nírọ̀lẹ́. Kòfó fẹ́ràn rẹ̀. Kò kàn sọ ọ́ ni, torí kò mọ ibi tí ìwé máa gbé òun lọ, ìyẹn ló sì ń dun Mánsúrù.

Ìtàn Kòfó dá lórí Túnráyọ̀, ọmọge Agbowó tí ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nífẹ̀ẹ́ sí. Ìparí méjì ló kọ sí i. Nínú èyí àkọ́kọ́, Túnráyọ̀ dúró, ó fẹ́ ọkùnrin náà. Nínú èkejì, ó wọkọ̀ ní gáréèjì Challenge, ó lọ. Bí ẹni ń yẹ aṣọ ọdún wò ni Kòfó ṣe ń pààrọ̀ wọn. Mánsúrù ní tirẹ̀ ti pinnu pé òun ni atúnfóònùṣe yẹn. Ìfẹ́ máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀: á ka ìwé oníwèé, á sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ di iṣẹ́ náà, bàbá Kòfó pè é sílé ní kíá. Kòfó sọ fún Mánsúrù pé ìparí tí Túnráyọ̀ ti lọ ni kó tẹ̀ jáde, kó dì í, kó bá òun gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀mọ̀wé Adéwùnmí, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ó sáré jáde. Mánsúrù ṣí ìparí méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó rò ó pé bí Túnráyọ̀ bá lọ nínú ìwé, Kòfó náà máa lọ nìyẹn. Èyí tí Túnráyọ̀ ti dúró ló dì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀mọ̀wé fi ránṣẹ́ pe Kòfó. Àlàyé Kòfó ń sọ ìdí tí Túnráyọ̀ fi lọ, ìtàn rẹ̀ ń sọ pé kò lọ. Àwọn olùdánwò kò mọ èyí tí àwọn máa gbà gbọ́. Bí àtúnṣe kò bá wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kòfó kò mọ bó ṣe dé Agbowó.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni." Mánsúrù kò lè wojú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o máa lọ."

"Ìyẹn lo ṣe bá mi parí ọ̀rọ̀ mi? Bàbá mi ló ti ń sọ ohun tí mo máa fi ayé mi ṣe. Mo rò pé ìwọ yàtọ̀."

Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. Ó gba fáìlì rẹ̀, ó lọ dì í ní Ṣàngó, lọ́dọ̀ ẹnì kan tí kì í ka ohun tó ń dì.

Ìjókòó kò rọrùn fún Mánsúrù, ìdúró kò rọrùn. Ó pe fóònù títí, Kòfó kò gbé e. Iṣẹ́ ń wọlé, ó ń dorí ìwé oníwèé kodò. Nígbà tó yá, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀mọ̀wé Adéwùnmí, ó jẹ́wọ́ pé Kòfó kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin yìí ló ń darí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun ò lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ òun kankan gbé iṣẹ́ lọ bá a mọ́. Mánsúrù ní òun mọ̀ kí òun tó wá.

Kòfó yege. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀mọ̀wé sọ fún un nípa ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn òun. Inú tún bí i lákọ̀tun, nítorí pé àánú ọkùnrin náà ṣe é, kò sì fẹ́ kí ó ṣe òun. Ó rìn yí Bódìjà po títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó sì bá ara rẹ̀ ní Agbowó.

Ṣọ́ọ̀bù dá wáí. Mánsúrù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, Kòfó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ lòun wá gbọ́.

"Wá sílé wa ní Sátidé. Bàbá mi á bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́. Tìrẹ nìkan ni kí o sọ. Tó bá bi ọ́ ní tèmi, má dáhùn."

"Ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Mo ṣì ń bínú. Mo sì fẹ́ràn rẹ. Méjèèjì ni mo gbé wá."

Ní Sátidé, Mánsúrù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní pálọ̀ Bàbá Ikúbọlájẹ́. Bàbá bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀, mọ́sáláṣí tó ń lọ, àti bóyá ìwé dídì ń bọ́ èèyàn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi Kòfó ṣaya, ohun tó gbé òun wá nìyẹn.

"Kòfó ńkọ́?" ni Bàbá wí. "Ó ti gboyè. Àga rẹ̀ ṣì wà ní báǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́?"

Mánsúrù mọ ìdáhùn náà lórí. Ó ti dé ètè rẹ̀ kó tó gbé e mì.

"Ẹ bi í, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, bóyá ni ìbéèrè yẹn ti kọjá lẹ́nu rẹ̀ sí i rí.

"Ìtàn ni mo fẹ́ máa kọ, Bàbá mi. Mo lè rìnrìn àjò nítorí rẹ̀, mo sì máa padà. Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ padà wá bá nílé. N ò ní torí ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀."

Bàbá ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá láti yàrá, nítorí òun nìkan kọ́ ló yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.