Ibùsọ̀ Méjìlá

Aṣọ kan wà ní Ìlétuntun tó máa ń kí ará ilé kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó lanu. Aṣọ-arìn ni wọ́n ń pè é. Irin àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn. Bó ti wù kó rẹ ẹni tó wọ̀ ọ́ tó, aṣọ á gbé e délé. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á fi ohùn ẹni tó ni ín sọ pé, "Ẹ kú ilé o." Àfi tí ará ilé bá dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀," ni ìdè rẹ̀ tó máa ń tú. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Orí ayé pupa kan tó jìnnà sí tiwa ni Ìlétuntun wà, lábẹ́ òrùlé gíláàsì, torí afẹ́fẹ́ ìta kò ṣeé mí. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi ń lọ síbi kòtò omi dídì tí omi ìlú ti ń wá. Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà mọ́ láti ayé àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Wúràọlá wà níbi kòtò náà nígbà tí ìjì eruku dé. Ọkọ̀ kankan kò lè gbéra. Àgbá afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ sán, ìgò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn aṣọ-arìn tó wọ̀ nìkan ló kù fún un.

"Bàbá Tìmílẹ́yìn," ohùn rẹ̀ ń há nínú rédíò, "ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n máa bọ̀?"

Akínyọdé, ọkọ rẹ̀, ló ń tọ́jú máàpù ìlú, ó sì ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì nílé. Ọ̀mọ̀wé Látúnbọ̀sún tó ṣe aṣọ-arìn dúró lọ́tùn-ún rẹ̀. Màmá Ẹfúnṣeyè wà lósì. Nínú àwọn tó ya máàpù náà, òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé.

"Kó jókòó," Màmá wí. "Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á pẹ́. Ìjì yìí á kúrò."

"Màmá, tí kò bá wá kúrò ńkọ́?"

"Látúnbọ̀sún, ìkánjú rẹ ò ní tán. Oṣù keje lo ti jáde nínú ìyá rẹ."

"Èmi náà rèé, mi ò kú."

"Ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀nà ná," Akínyọdé wí.

Ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ láàrin àpáta, igi ìwọ̀n kò lè bá a lọ. Akínyọdé fa òwú kan yọ lára fìlà ọmọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ó tẹ́ ẹ lé ojú ọ̀nà, ó ń bá a yí níbi gbogbo tó ti yí, ó fi èékánná di ibi tó parí sí mú, ó wá nà án sórí igi ìwọ̀n. Íńṣì mẹ́fà. Ní igun máàpù, Màmá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ nígbà èwe pé: *Íńṣì kan dúró fún ibùsọ̀ méjì.*

"Ibùsọ̀ méjìlá," ni Akínyọdé wí.

Màmá gbà pẹ̀lú rẹ̀. "Méjìlá náà ni. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín, mo kà á."

"Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò rẹ̀ á gbé e dé ibùsọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," Ọ̀mọ̀wé wí.

Màmá fi ìka tọ ọ̀nà náà lójú máàpù. "Bó bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa bọ̀ nílé."

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti ṣọ̀kan gbẹ̀yìn.

"Ẹ má jẹ iṣu mi tán o," Wúràọlá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Iná kékeré kan wà lójú máàpù tó ń fi ibi tí aṣọ náà dé hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aṣọ-arìn kì í yára, kì í sì í falẹ̀: ibùsọ̀ mẹ́ta ní wákàtí kan ni. Nígbà tí wákàtí kẹrin pé, tó yẹ kí Wúràọlá ti máa kan ilẹ̀kùn, iná náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé íńṣì kẹta ni.

"Mi ò tíì rí iná ìlú," ó wí. "Òkúta nìkan ni mò ń rí."

Akínyọdé tún òwú náà tẹ́. Íńṣì mẹ́fà náà ni. Ó tún ka ohun tí Màmá kọ sí igun máàpù.

"Màmá, kí ni ẹ̀ ń pè ní ibùsọ̀?"

"Kí ló tún lè jẹ́? Ibi tí a ti ń sọ̀ ni. Orí la fi ń ru ìgò afẹ́fẹ́ nígbà náà. Ibi tó bá ti rẹ̀ wá, a ó sọ ẹrù kalẹ̀, a ó sinmi."

"Máìlì ni wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ibùsọ̀ jẹ́," Ọ̀mọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Máìlì? Ó tó máìlì méjì ká tó sọ̀ lẹ́ẹ̀kan." Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Máìlì mẹ́rìnlélógún. Wúràọlá ti rin méjìlá, afẹ́fẹ́ máìlì mẹ́ta péré ló kù fún un, kò sì sẹ́ni tó lè rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó tán. Ilé jìnnà, kòtò jìnnà, ìjì ṣì wà lókè.

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, o ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo wà níbí."

"Ó ṣì jìn, àbí?"

"Ó jìn díẹ̀."

"O ò mọ irọ́ í pa," Wúràọlá wí. "Fìlà ọmọ yẹn ti ń tú létí. Bá mi rán an. Má sì pa rédíò."

Kò pa á. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ẹsẹ̀ òsì aṣọ náà tó máa ń dún nìkan ló kù, kín-ìn, kín-ìn. Iná ojú máàpù kò dúró. Ó dé íńṣì kẹrin. Ó dé ìkarùn-ún. Kò yára, kò sì falẹ̀.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn dún.

Akínyọdé ṣí i. Eruku pupa bo aṣọ náà dé èjìká. Gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí èémí kankan lára rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," aṣọ náà wí, ó fa *o* náà bí Wúràọlá ṣe máa ń fà á.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màmá yí ojú sí ògiri.

"Ẹ kú ilé o."

Akínyọdé di òwú náà mú títí ó fi wọ̀ ọ́ níka.

"Ẹ kú ilé o."

Ẹsẹ̀ kékeré sáré wá láti ẹ̀yìn.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi!" Tìmílẹ́yìn kígbe, àwọn ìdè aṣọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú, lọ́kọ̀ọ̀kan.