Èémí Inú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Amòye, ọ̀rẹ́ mi, na fóònù rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó sì fi ìka sẹ́nu pé kí n má sọ̀rọ̀. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé ojú rẹ́kọ́ọ̀dù náà jẹ́jẹ́. Àtẹ́wọ́ àwọn èrò ìwòran ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ eléré jáàsì, èèyàn méjìdínlógún, bú sórin lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́, ó ku fèrè idẹ kan ṣoṣo. Bàbá mi ló ń fọn ún.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn la sin bàbá mi. Gbogbo ilé sunkún, àfi èmi. Àwọn àǹtí mi ní mo lọ́kàn akin. Ọkàn akin kọ́ o, n kò kàn mọ nǹkan kan lára ni. Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. Bí wọ́n bá dá àpárá, n óò fi eyín hàn wọ́n kí wọ́n lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo bá sì gbé fèrè tèmi sẹ́nu, ṣe ni ètè mi máa ń kú bí ètè ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀, àyè onífèrè idẹ kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ eléré ilé-ìwé wa. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni mo ti ń dúró dè é. Olùkọ́ orin ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gba ohùn fèrè ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

"Ta ló máa mọ̀?" Amòye ń gé àtẹ́wọ́ àti orin ẹgbẹ́ kúrò nínú ohun tó gbà sílẹ̀, kó lè ku fèrè nìkan. "Bàbá ẹ ṣáà ni, kì í ṣe ará ìta. Ogún ìdílé ni."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Mo kọ orúkọ mi sí i, mo tẹ fóònù, ó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé orin kún orí àga, nítorí náà mo wà lórí ìdúró. Ó tan fóònù rẹ̀.

"Ìwọ lo fọn èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa gan-an. Kí ló wá ń dún 'tá, tá' yẹn?"

"Èwo, sà?"

N kò purọ́ níbi tí mo ti bèèrè yẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un gbé sí i, ó ń fi bírò kan tábìlì tẹ̀ lé e: tá, tá, tá. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, mo fi ṣíbí ha ojú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, gbogbo ìgbà tó bá sì yí po ni abẹ́rẹ́ máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Àwa nílé ti gbọ́ ọ títí, a ti kà á mọ́ orin.

"Rẹ́kọ́ọ̀dù lo gbà sílẹ̀," olùkọ́ ní. Kò pariwo. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan."

Ó fa ìlà sórí orúkọ mi. Ó di ọdún méjì kí àyè tó tún ṣí, nígbà yẹn n óò ti jáde.

Màmá mi wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, mo sì ń retí ìgbátí. Ó kàn fọwọ́ dá kẹ̀kẹ́ máṣíìnì dúró.

"Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni," ó ní. "Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bàbá ẹ ti fọn tiẹ̀, èémí tiẹ̀ ti tán. Tìẹ ló kù. Gbé fèrè ẹ wá."

"Mọ́mì, kò ní dáa létí."

"Ṣé mo ní kó dáa ni?"

Mo fọn ún. Ó ké bí ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. "Àwọn aládùúgbò á wá kí wa kú ewu," màmá mi ní, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo tún un fọn, mo tún un fọn, títí ètè mi fi là, tó sì ń ta mí. Ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ara mi mọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Mo gbé fèrè sílẹ̀, mo sì sunkún bàbá mi.

N kò wọ ẹgbẹ́ náà títí mo fi jáde ilé-ìwé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn gba àyè, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ bàbá tó bí i, àyè náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fọn tiyín, bó tilẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́.